Bí Ẹ̀gbọ́n Ṣe Di Kókó-Méjì

Ní jíìmù wa, kò sẹ́ni tó ń so páàdì mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ló ń so ó fún ẹni tó fẹ́ lù ú. Bí èmi àtìwọ bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ jà, màá na apá mi sí ọ, wàá gbé tìmùtìmù kékeré náà lé ṣónṣó egungun ìgbọ̀nwọ́ mi, wàá fa okùn rẹ̀ yípo, wàá sì ta á ní kókó. Orí rẹ ni mo fẹ́ lù, nítorí náà ọwọ́ ara rẹ ni kó so ohun tí yóò gba orí rẹ sílẹ̀. Kóòṣì tó kọ́ wa ló fi òfin yìí lélẹ̀. Òfin tó dáa ni. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì bà á jẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó bàjẹ́.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo jíìmù ń pè ní Kókó-Méjì. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. A kì í ṣe ọmọ ìyá, a kì í ṣe ọmọ bàbá, ó kàn fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe fún mi ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá ń ṣe lọ. Àbúrò ni òun náà ń pè mí, kódà lẹ́yìn tí mo di ẹni tí àwọn yòókù ń kí ní "Kóòṣì, sà".

Títí di àìpẹ́ yìí, bí ẹ bá yà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá a tó ń fi aṣọ tútù nu àwọn ẹní rọ́bà tí a tẹ́ sílẹ̀, tó ń sá àwọn ìbọ̀wọ́ sójú fèrèsé kí òórùn wọn lè dínkù. Òórùn ìbọ̀wọ́ wa yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ òun ni àlejò máa kọ́kọ́ pàdé. Bí ìdánrawò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, á yẹ páàdì tí wọ́n ti so wò, á sì ta kókó kejì lé ti àkọ́kọ́. Wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀ọ̀dá Kókó-Méjì, ẹ bá wa ta ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kó lè bá wa la àwọn méjì tó kù níjà." Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àpá kan wà lókè ojú òsì rẹ̀ tí irun kì í hù sí, ó gùn tó oríkèé ìka kan. Gbogbo wọn mọ̀ pé èmi ni mo lu ibẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà.

Kó tó di Kókó-Méjì, iṣẹ́ adẹrù ló ń ṣe ní gáréèjì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Gbogbo ẹrù tó bá fẹ́ bọ́ sójú títì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Á to sìmẹ́ńtì sísàlẹ̀, á to páálí lé e, á dojú àga dé lókè, á wá na tapólì bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ju okùn kọjá lókè ọkọ̀, á sáré yípo lọ mú u ní òdìkejì, á fi ẹsẹ̀ ti táyà, á fà á títí okùn á fi dún, á wá ta á ní kókó kan. Ọ̀kan ṣoṣo. Tó bá ta á tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, á sì yípadà láìwo ibẹ̀ mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í ta méjì bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń ta méjì, ẹ̀kíní ni kò fọkàn tán." Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé bó bá ti jẹ́ òun ló di ẹrù àwọn, àwọn kì í bojú wẹ̀yìn mọ́ títí àwọn á fi débi tí àwọn ń lọ. Á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọrùn rẹ̀ á gùn sí i díẹ̀.

Òun ló mú mi dé jíìmù, tó wà lẹ́yìn gáréèjì náà. Ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló jókòó sórí tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, mo sì ti gbé e lulẹ̀, a ti ń yí nínú ìyẹ̀fun pákó kí Ẹ̀gbọ́n tó sọdá títì wá là wá. Kò bá mi wí. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí mi, ó ní, "Àbúrò, agbára wà níbẹ̀ o, ọgbọ́n ni ò sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wá bá mi." Mo lọ. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀, ó tóbi fún mi, ó sì ń rùn bí nǹkan tó ti kú, inú mi dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Irú ìjà tí à ń jà, ẹ̀ṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, orúnkún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni méjì bá dì mọ́ra, tí kálukú wa ọwọ́ mọ́ ẹnì kejì lọ́rùn, ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n máa ń gbádùn. "Bí àyè bá gba ẹ̀ṣẹ́, ju ẹ̀ṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún mi. "Bó bá jẹ́ èémí nìkan ni àyè gbà, ìgbọ̀nwọ́ ni." Ó fi hàn mí bí ọwọ́ òsì ṣe ń di ìpàkọ́ mú, nítorí ibi tí orí bá lọ ni ara ń bá a lọ. Ọwọ́ ọ̀tún á wà ní kọ̀rọ̀ apá ẹnì kejì, á máa dá apá yẹn dúró. Bí ẹnì kejì bá fẹ́ fa ara rẹ̀ yọ, wàá jẹ́ kó fà á díẹ̀. Àyè kékeré tó bá ṣí sílẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ ń gbà wọlé, wàá sì fa orí rẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Kì í ṣe apá ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ìbàdí ló ń yí. Egungun ìgbọ̀nwọ́ kì í sábà gbé èèyàn ṣubú. Awọ ló ń là. Ẹ̀jẹ̀ á bo ojú, dókítà á ní kí wọ́n dá ìjà dúró, ìjà sì parí nìyẹn. Ìdí tí a fi ń so páàdì nígbà ìdánrawò nìyẹn.

Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ránṣẹ́ sí Kóòṣì pé kó mú ẹnì kan wá fún ìdíje ńlá, nínú àwọn tí ìwọ̀n ara wọn bá tiwa mu. Ẹnì kan ṣoṣo. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ìwọ̀n wa dọ́gba. Kóòṣì ní òun á wo ìdánrawò ọjọ́ Ẹtì kí òun tó mú. Mo ti mọ ẹni tó máa mú. Ẹ̀gbọ́n sàn jù mí lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò tún ní yalé rẹ̀ mọ́. Èmi ṣì ní ọjọ́ níwájú. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Síbẹ̀, mo ń jowú ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti wá orúkọ tó dáa ju owú lọ tí mo lè pe nǹkan náà, mi ò rí.

Lọ́jọ́ náà, mo na apá, ó so páàdì mi, ó ta á ní kókó kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bó ṣe ń gbá ẹrù. Èmi náà so tirẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé abala kẹta, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí lórí lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé páàdì kàn ń fọwọ́ pa irun mi ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kóòṣì ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. A tún dì mọ́ra. Òógùn ti rin àwa méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ di apá mi mú, ó ń fà á, bó sì ṣe ń fà á ni páàdì ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Kókó rẹ̀ kò tú. Odindi páàdì náà ló yọ̀ kúrò lórí ìgbọ̀nwọ́ mi lọ sí apá ìsàlẹ̀, pẹ̀lú kókó rẹ̀ bó ṣe ta á. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí egungun mi, mo sì mọ̀.

Òfin wà fún ìyẹn náà. Wàá ké pé "Páàdì!", ẹ̀yin méjèèjì á sì tú ká. Ẹnu mi ti là. Ẹ̀gbọ́n wá fa ara rẹ̀ yọ díẹ̀, àyè kékeré yẹn ṣí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ mi. Mo fa orí rẹ̀ mọ́ra, mo yí ìbàdí.

Ó rọra jókòó sílẹ̀, bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo ojú òsì. Àwọn èèyàn sáré sí i, Kóòṣì ń béèrè aṣọ mímọ́, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo fi eyín tú kókó náà. Kò tètè tú. Kókó Ẹ̀gbọ́n kì í tètè tú. Mo ń fi eyín fà á, mo ń tọ́ iyọ̀ òógùn wò lára okùn, mo sì ń gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún wọn pé kò sóhun tó ṣe òun. Ìgbà tí Kóòṣì fi máa yíjú sí mi, tó ní, "Páàdì ẹ dà?", mo ti gbé e sókè, okùn rẹ̀ méjèèjì ń fì.

"Ó tú," ni mo wí.

"Ta ló so ó?"

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sókè láti ilẹ̀ tó jókòó sí, aṣọ lójú rẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mi ò so ó le."

Mo dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn, pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ kò ju pé mo dákẹ́ lọ. Irọ́ ni. Ẹni tó dákẹ́ kì í fi eyín tú kókó.

Abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán ojú náà. Èmi ni Kóòṣì mú. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé mi lọ. Òun ló di ìgò omi mú fún mi, bàńdéèjì lójú òsì, tó ń fi ojú kan yòókù wo ibi tí mo ti ń ṣí ara mi sílẹ̀, tó ń sọ ọ́ sí mi létí. Ní abala kejì, mo di ọkùnrin tí wọ́n ní kí n bá jà mú, mo fa ìpàkọ́ rẹ̀, mo sì la òkè ojú òsì tirẹ̀ náà. Wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n fún mi ní bẹ́líìtì, wọ́n sọ mí ní Abìgbọ̀nwọ́. Nínú gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n ló pariwo jù. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè wo bẹ́líìtì ọ̀hún, mo sì jẹun ní àjẹyó kí n tó sùn.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ọgbẹ́ á san, àpá á kù, àpá ò sì ń dun èèyàn. Òótọ́ ni, ọgbẹ́ san. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò san. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó padà sí gáréèjì, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, mo rí i tó di ẹrù kan tán, tó gbá a, tó kúrò níbẹ̀, tó tún padà. Ó ta kókó kejì lé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó di pé á tú gbogbo okùn, á tún un dì látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ á ti dé ẹnu géètì, á tún sáré tẹ̀ lé e, á ní kó dúró. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ ń fi ṣàwàdà. Àwọn ló sọ ọ́ ní Kókó-Méjì, tí orúkọ náà fi tẹ̀ lé e dé jíìmù. Nígbà tó yá, àwàdà tán. Ẹja ẹlẹ́ja ń bàjẹ́ lórí ọkọ̀, òun ń tú okùn. Ẹni tó ni gáréèjì, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága, pè é, ó ní kó lọ sinmi díẹ̀. Ìsinmi náà ti pé ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tiwa ṣàjèjì. Ẹni tó kó o rò pé òun náà ló yà á.

Nígbà tí ara Kóòṣì ò gbé e mọ́, ó fi jíìmù lé mi lọ́wọ́. Káfíńtà ni mí ní òwúrọ̀, olùkọ́ ni mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo mú Ẹ̀gbọ́n wá kó máa tọ́jú ilé. Àwọn èèyàn yìn mí gan-an. "O ṣeun, o ò gbàgbé ẹni tó mú ẹ wá." Mo máa ń dáhùn pé kò tópẹ́. Wọ́n á ní mo mà níwà ìrẹ̀lẹ̀ o.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí Alága tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí jíìmù lọ́jọ́ Ajé kan. Ó ti dàgbà, ó ń fi etí gèlè bo imú nítorí àwọn ìbọ̀wọ́. Olórí àwọn adẹrù rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù ò sì mọ iṣẹ́. Ẹrù ti já bọ́ lójú títì lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, Ọlọ́run ló ní kò ní pa èèyàn. Ó fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n wá ṣe olórí wọn. Bí òun ò bá rí i títí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun á mú ẹlòmíì.

"Ẹ ṣeun, Mà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má fi mí sí i. Ọwọ́ yìí ti já mi kulẹ̀ rí, ní ọ̀sán gangan."

"Ọdún wo nìyẹn? Ta ni nǹkan ò já kulẹ̀ rí?"

"Orí èmi ló já lé nígbà yẹn, Mà, mo lè fara mọ́ ọn. Tó bá wá jẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Alága yíjú sí mi, pé kí n bá òun dá sí i. Mo ń ka ìbọ̀wọ́ lójú fèrèsé. Mo kà á dé mẹ́rìnlá, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọdé, òwú sì wà lára búláòsì rẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Àwàdà ni a máa ń fi pàdé. Lọ́jọ́ yẹn kò ṣe àwàdà.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀gbọ́n yín ń gbọ́ tiyín," ló wí. "Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí nílé. Tó bá ti ìlẹ̀kùn, á dìde lọ wò ó, á tún dìde. Bàtà ọmọ tó bá so láàárọ̀, tíṣà ló ń bá a fi síṣọ́ọ̀sì gé okùn ẹ̀. Ọmọ náà ti ní kí bàbá òun má so bàtà fóun mọ́, pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó dun Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó kàn wo ọwọ́ ẹ̀." Ó fa òwú kan yọ lára aṣọ rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, á lọ."

Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, níbẹ̀, nínú ìyẹ̀fun pákó, mo sáré dì í mú. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún. Nígbà tó lọ tán, mo gé pákó kan kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, mo gé òmíràn, òun náà kúrú, mo bá ti ṣọ́ọ̀bù. Mo lè sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó lọ láìsọ ìdí rẹ̀. Mo gbé èyí yẹ̀ wò dáadáa, ẹ má rò pé mi ò gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bó bá lọ lọ́nà yẹn, ẹ̀rù á máa bà á lórí gbogbo kókó tó bá ta, títí wọ́n á tún fi ní kó lọ sinmi. Ohun tó nílò wà lẹ́nu èmi nìkan, ọjọ́ méjì ló sì kù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, mo bá a níbi tó ti ń fi okùn tuntun sí àwọn páàdì àtijọ́. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí láti ilé, ní oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan wà tí mo ti máa sunkún láàárín rẹ̀. Kò sí èyí tó jáde nínú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gba iṣẹ́ yẹn."

"Ìyàwó mi ti wá bá ẹ nìyẹn."

"Ó wá. Kì í ṣe torí ìyẹn." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀gbọ́n, kókó yẹn ò tú."

"Kókó wo?"

"Ti ọjọ́ tí mo lù yín."

Ó ń fa okùn rẹ̀ lọ. "Ó tú, àbúrò. Mo rí i lọ́wọ́ ẹ, mo fi ojú tó kù rí i."

"Èmi ni mo tú u. Páàdì ló yọ̀ lọ sísàlẹ̀ nítorí òógùn, kókó ẹ̀ sì wà bẹ́ ẹ ṣe ta á. Mo mọ̀ pé ó ti yọ̀. Mo mọ̀ kí n tó lù yín. Ìgbà tí wọ́n ń fi aṣọ bò yín lójú ni mo fi eyín tú u."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ń retí ẹ̀ṣẹ́, mo fẹ́ ẹ gan-an, nítorí ẹ̀ṣẹ́ lè rọ̀ mí lára. Kò jù ú.

"Pẹ̀lú eyín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kò tètè tú?"

"Kò tètè tú rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á yíjú bá mi níbẹ̀."

Ó mi orí. Kò béèrè nípa ìdíje, kò béèrè nípa bẹ́líìtì tó kọ́ sára ògiri lókè orí wa, kò fọwọ́ kan àpá ojú rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó wo inú wọn, ó yí wọn, ó wo ẹ̀yìn wọn. "Ọdún mọ́kànlá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi ò jẹ́ kí n so bàtà òun mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kò ní òun dárí jì mí, kò ní òun ò dárí jì mí.

"Dìde," ló wí. "O ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀."

Nígbà tí mo dìde, ó ti mú páàdì kan, ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sí mi. "So ó."

Ẹ rántí òfin wa: ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ló ń so ó. Ó yé mi. Inú mi tiẹ̀ fẹ́ dùn. Mo gbé páàdì lé egungun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ yípo, mo ta á. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo di ojú. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ìpàkọ́ mi, ibi tó ti kọ́ mi pé kí n máa dì mú, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó pẹ́. Ọwọ́ náà kúrò. Mo la ojú, mo bá a tó ń wo apá ara rẹ̀. Kókó méjì ló wà lórí páàdì náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo ta èkejì.

"Ọ̀kan ti tó," ló wí.

Ó tú méjèèjì fúnra rẹ̀, ó fi páàdì sórí bẹ́ǹṣì, ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, ó jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó lọ sí gáréèjì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ tún wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Mo ti mọ̀ pé tiyín ló máa gbọ́." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún un. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ síta nìyí, ìyàwó rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, níbẹ̀, ní ìdúró. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ yọ bẹ́líìtì lára ògiri, tí mo sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan nínú wọn ní kò burú, pé ó ti pẹ́. Mo ní kó lọ sáré yípo ilé nígbà ogún.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rí Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo rí i tó ju okùn kọjá lókè lọ́rì, tó fi ẹsẹ̀ ti táyà, tó fà á, tó ta kókó. Ó gbá ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan. Ó yípadà, kò wo ibẹ̀ mọ́, lọ́rì náà jáde ní géètì, òun ò sì dá a dúró. Mo ń wò ó, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń dúpẹ́. Nígbà tó yá, ó sọdá títì wá ra omi tútù ní ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó rí mi tí mo dúró. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Kóòṣì," ló wí, bí gbogbo àwọn tó kù ṣe ń kí mi, ó sì padà sídìí ẹrù rẹ̀.